Fíìmù tí Ìyá Àgbà Fi Etí Wò

Ọdún tí fídíò wọ ilé wa ní Ọ̀fà náà ni ọdún tí a fi ikú Bàbá Kàdúná pamọ́ fún Ìyá Àgbà. Mi ò lè rántí ọ̀kan kí n má rántí èkejì. Mo ti ń lọ bí ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Bàbá mi ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà níwájú ilé, kò sì sí ìgbà tí rédíò mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀: ọ̀kan ń ka ìròyìn, ọ̀kan ń ṣe wáàsí, ọ̀kan ń hó ṣùù bí ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná. Lẹ́yìnkùlé, ìyá mi ń gún nǹkan lódó, adìyẹ ń ké, bí ọkọ̀ ojú irin bá sì fọn fèrè ní stéṣàn, a ó dá ọ̀rọ̀ ẹnu wa dúró títí yóò fi kọjá. Àlejò a máa ní orí ń fọ́ òun. Àwa ò mọ̀ pé ariwo ni. Fídíò yẹn, oníbàárà kan láti Ìjàgbó ló gbé e wá pé ó ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá tún un ṣe, ó dúró de ẹni tó ni ín, a ò rí i. Ó wá ní bí ẹ̀rọ bá jókòó lásán, bíbàjẹ́ ni yóò bàjẹ́, nítorí náà kí a máa dán an wò. A dán an wò títí ọdún fi parí.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tí a fi sí i tí kò ní jókòó tì. Àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n ju ti ẹnikẹ́ni lọ, èmi a sì jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí èmi ni ojú rẹ̀. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, bí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú rẹ̀, á ní, "Ojú tó mọ ẹ̀tàn yẹn? Etí lọ̀rọ̀ wà." Ó bá mi wí gidigidi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ń sọ fíìmù fún un. Mo ní, "Ìyá, wọ́n ń jà o." Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé adití ni mí? Èyí tó lóhùn, mo ti gbọ́ ọ. Èyí tí ò lóhùn ni kí o sọ fún mi." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò lóhùn kiri nìyẹn: ọwọ́ tí ọkùnrin kan fi sẹ́yìn nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó tó ń po tíì tí kò sì mu ún, ilẹ̀kùn tí wọn ò tì dé ibi tó yẹ. Mo ti wo fíìmù púpọ̀ láti ìgbà náà wá, àwọn ọmọ mi ń fi fóònù wò ó báyìí, wọ́n sì ń sáré fo ibi tí kò bá sí ariwo. Inú máa ń bí mi. Ibi tí fíìmù náà wà gan-an ni wọ́n ń fò yẹn.

Bàbá Kàdúná ni àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi; Àkàndé ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ó ń ta páàtì mọ́tò ní Kàdúná, ìgbà ọdún Iléyá nìkan ni a sì máa ń rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa nọ́ọ̀tì kéékèèké sínú agolo. Ọmọkùnrin náà ní àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni, pé wọ́n ti sin ọ̀gá òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú gan-an bí ẹ̀sìn ṣe wí. Bàbá mi kàn nawọ́, ó pa rédíò kan, ó pa òmíràn, títí gbogbo wọn fi dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà ẹbí pàdé nílé Alhaji, àbúrò bàbá wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ àṣẹ nínú ẹbí. Alhaji ní, "Kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Àbí méjì lẹ fẹ́ sin?" Kò sí ẹni tó bá a jiyàn, nítorí nílẹ̀ wa, ẹni tó gbé ìròyìn òkú ọmọ lọ bá ìyá arúgbó, bí ẹni tó fẹ́ pa á ni. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ lọ́dọ̀ Alhaji, wọ́n sì sọ fún Ìyá Àgbà pé ìsọmọlórúkọ ni. Wọ́n tún bu ẹran wá fún un nílé. Ó jẹ ẹ́, ó sì ṣàdúrà gígùn fún ọmọ tuntun tí kò sí níbì kankan.

Ìṣòro tó kù ni ti ìkíni. Bàbá Kàdúná kì í jẹ́ kí oṣù kan pé kí ó má fi nǹkan rán ará Ọ̀fà tó bá ń bọ̀ wálé sí ìyá rẹ̀. Bí oṣù kejì ti ń lọ sópin, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ṣé kò sí ẹni tó ti òkè ọya dé ni. Bàbá mi bá ra páálí ṣúgà kan àti agolo mílíìkì, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní èmi ni n ó gbé e wọlé, pé kí n ní ẹnì kan ló yà á sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kánjú. Ó ní ohùn ọmọdé kì í gbọ̀n. Mo gbé e wọlé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹnì kan ti Kàdúná dé o. Bàbá Kàdúná ní kí wọ́n kí yín." Ó gba ẹrù náà, ó fọwọ́ pa á lára títí. Ó ní, "Ó ṣeun. Ara rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó le. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fojú sunkún ọmọ. Àkàndé ni yóò sin mí." Gbogbo ilé ní àmín. Ìyá mi ní àmín láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, bàbá mi ní àmín nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ní àmín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ṣe iṣẹ́ yìí kí ó tó parí, mi ò sì tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí mo dá láyé tó wúwo lọ́kàn mi tó àwọn àmín yẹn.

Àárín ìkíni kejì sí ìkẹta ni fíìmù náà dé. Ìyá mi kọ́kọ́ kẹ́gàn rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni fíìmù tí àjẹ́ ti ń fò, tí wọ́n ń fi àdá lé ara wọn kiri. Nínú èyí, obìnrin kan ṣoṣo ló ń rìn kiri inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Adùnní lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn jàǹbá mọ́tò. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun, pé iṣẹ́ ló gbé e lọ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, Adùnní á gbọ́ tí mọ́tò ọkọ rẹ̀ ń wọlé, á gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sáré ṣílẹ̀kùn, kò ní bá ẹnikẹ́ni. Á bi ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ á ní, "N ò gbọ́ nǹkan kan, ìyàwó mi." Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wà ní títì nígbà gbogbo, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn ìyá ọkọ yìí. "Fíìmù wo lèyí tí ẹnikẹ́ni ò gbá ẹnikẹ́ni létí?" ni ìyá mi wí. Kí ó tó dé ìdajì, ọbẹ̀ rẹ̀ ti jóná lórí iná.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tí fíìmù náà fi gbá wa mú tó bẹ́ẹ̀. Kò mú ẹ̀rù wá láti inú igbó. Inú ilé ló ti bù ú: ife, kọ́kọ́rọ́, sálúbàtà, àwọn nǹkan tí àwa náà ní. Àwọn tó ṣe é kì í jẹ́ kí a rí gbogbo nǹkan. Bí Adùnní bá ń wo ojú fèrèsé, ojú rẹ̀ ni wọn yóò fi hàn wá, wọn ò ní fi ohun tó rí hàn, àwa la ó wá fi ọkàn ara wa wá a. Ọkàn èèyàn sì burú ju àjẹ́ lọ níbi ká wá ohun tó ń bani lẹ́rù. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, bí bàbá mi bá wọ sálúbàtà kọjá lásán, àyà mi á já.

Gbogbo wa la gbà pé ìyá ọkọ ló fẹ́ sọ Adùnní di wèrè. Ìyá mi ti ń ṣépè fún un. Ìyá Àgbà nìkan ló ní rárá. Ó ní, "Obìnrin yẹn ò ṣe ibi. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dáhùn. Bí ọmọ yẹn bá ti bi í léèrè ọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ mí kó tó fèsì. Ẹni tó ń pa irọ́ ìkà kì í mí. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń pa irọ́ àánú ló máa ń mí." Bàbá mi ń fi iná yọ́ léèdì láti lẹ wáyà mọ́ ẹ̀yìn rédíò kan nígbà náà, nítorí ó máa ń gbé iṣẹ́ wọ pálọ̀ bí fíìmù bá dùn. Mo rí i tí ó dá ọwọ́ dúró, tí léèdì ń kán sórí bàtà rẹ̀. Páàtì wáànù parí síbi tí Adùnní ti yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ìyá ọkọ rẹ̀ lójú oorun, ó ti kì í bọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó yí i. Kásẹ́ẹ̀tì tán. Ìyá mi kígbe bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wá páàtì túù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin tó ń yá wa ní kásẹ́ẹ̀tì ní, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ní Ẹ̀rìn-Ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ọ̀rọ̀ Adùnní la fi ń jẹ ànàmọ́ sísè láàárọ̀, òun la fi ń jẹ ọkà lálẹ́. Ìyá mi ní òkú ènìyàn ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Èmi ní owó ni. Bàbá mi ní a ti yà wèrè, pé àwọn tó ṣe fíìmù ọ̀hún kò rò ó tó bẹ́ẹ̀. A bi Ìyá Àgbà, ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a fi páàtì túù sí i, lẹ́yìn tí a ti kírun Àílà tán. Adùnní ti ilẹ̀kùn náà, ó ṣí. Kò sí orin. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Ibojì ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n lẹ fọ́tò ọkọ rẹ̀ mọ́ ibi orí. Ìyá ọkọ àti àwọn ará ilé jáde, wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lanu. Ọjọ́ jàǹbá yẹn ni wọ́n kọ sára rẹ̀: jàǹbá tó ṣe Adùnní náà ló pa ọkọ rẹ̀. A wá rántí dókítà tó sọ̀rọ̀ sí ìyá ọkọ létí nínú páàtì wáànù: òun ló ní kí wọ́n má tíì sọ fún un. Gbogbo èyí la rí láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan, nínú ìdákẹ́jẹ́ tó gùn tó fi jẹ́ pé fídíò tó ń yí nìkan là ń gbọ́. Àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ yóò dín in kù. Wọn ò mọ̀ pé ilé kan wà l'Ọ́fà tí obìnrin kan ti ń fi etí wò ó.

"Àbẹ̀kẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo wo bàbá mi. Ó ń mi orí sí mi. Ìyá mi ti sorí kọ́, ó ń fi ìka fa okùn ẹní. Wọn kò kọ́ mi ní èyí, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni "ẹnì kan ti Kàdúná dé." Bí mo bá pe ibojì ní ibojì, tí mo sọ pé ará ilé rẹ̀ ló fi pamọ́ fún un, ṣé ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ tirẹ̀? Mo ní, "Ọgbà ni, Ìyá. Ànàmọ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Adùnní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bàbá mi fò dìde, ó tẹ fídíò pa, ó tẹ tẹlifíṣọ̀n pa. Ó ní, "Iná ti lọ." Ọkùnrin tó ti fi iná ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni o. Fáànù òkè orí wa ṣì ń yí, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kò sì sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú wa títí Ìyá Àgbà fi gbé ojú rẹ̀ tó fọ́ sókè síbi tí ó wà. Ó wá ní, "Iná lọ. Ó dáa. Ẹ bá mi mú ọ̀pá mi."

Ní ọjọ́ kejì, èmi ni mò ń yí iṣu èlùbọ́ tí ìyá mi sá sórí páànù lẹ́yìnkùlé. Ìyá mi ti lọ sọ́jà Òjòkú. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Ànàmọ́ àná yẹn, ṣé ó ti ta?" Mo bú sẹ́kún. Kò ní kí n dákẹ́. Ó mú ọ̀kan nínú iṣu náà, ó ṣẹ́ ẹ láti mọ̀ bó ti gbẹ, ó ní, "Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ Àkàndé dé ni mo ti mọ̀. Bàbá rẹ kì í pa rédíò. Ó ṣàìsàn, kò pa rédíò. Ìgbà tí wọ́n bí ọ, rédíò ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo wọn dákẹ́, ìyá rẹ ò gúnyán, adìyẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nílé yìí. Mo bá mọ̀ pé èèyàn ti kú. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wá wí fún mi, mo mọ ẹni tó kú."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Mo rántí pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí i. Ó ní, "Àwọn méjì péré ni mo bí tí wọ́n yè. Bàbá rẹ ò tíì sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mò ń fetí sí i, n ò gbọ́ ọ. Ṣúgà tó ń rà yẹn, bó ṣe ń rà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì kú tán lójú rẹ̀. Bí mo bá ní mo mọ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ̀ ń tọ́jú mi, Àbẹ̀kẹ́." Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá wá ń gbé irọ́ fún bàbá mi wọlé, mo tún ń gbé òmíràn pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ni ẹ̀rù inú irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo èèyàn mọ̀, kí wọ́n jọ jókòó ti àwo ọbẹ̀ kan, kí oníkálukú máa sọ pé iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n: ìyẹn gan-an lẹ̀rù. Mo gbé ìkíni ìkẹta wọlé lẹ́yìn èyí. Mo mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà gbàdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí yóò sin ín mọ́.

Ìkẹrin ló ṣe ìkẹyìn. Bàbá mi ti ń rù, ìyá mi a máa sọ pé oúnjẹ rẹ̀ kì í tán mọ́. Ó ra ṣúgà, mo gbé e wọlé, mo jíṣẹ́. Ìyá Àgbà kò fọwọ́ pa ẹrù náà lára. Ó ní, "Lọ pe bàbá rẹ." Bàbá mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀bá àga rẹ̀.

"Ràímì, ẹni tó ti Kàdúná wá yìí, ṣé ó ti lọ?"

Bàbá mi mí. "Ó ń múra àtilọ ni, Ìyá."

"Sáré bá a. Ní kó bá mi kí Àkàndé. Ní kó sọ fún un pé mo rí gbogbo nǹkan tó fi ránṣẹ́ gbà, pé àbúrò rẹ̀ ń tọ́jú mi, n ò ráhùn. Ní kó má ṣe ìyọnu mọ́. Kó sùn. Kó sùn dáadáa, mo yọ̀ǹda rẹ̀."

Bàbá mi kò dìde lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo èmi, mo sì gbé ojú mi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde tó bọ́ síta. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, kò sí ẹyọ èèyàn kan lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀. Bàbá mi ń sáré lọ lójú ọ̀nà náà pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀, títí mi ò fi rí i mọ́.

Ó pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti wú, eruku bo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Mo jíṣẹ́ yín, Ìyá."

"Ṣé ó gbọ́?"

"Ó gbọ́."

Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó wá orí rẹ̀ rí, ó fà á mọ́ itan. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú ọ̀sán, pẹ̀lú ohùn tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú.